Omi Tí Baba Pọ́ǹpù Bù fún Ìjọba

Nígbà tí Baba Pọ́ǹpù dìde nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi rò pé ó fẹ́ gbèjà àwọn ni. Òun ló ń tọ́jú pọ́ǹpù tó ń tú omi ìdọ̀tí wọn sódò. Òfin tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe ló kó wọn jọ: ọgbà ọkọ̀ yòówù tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ kò bá mọ́ gaara bí omi mímu, títì ni wọn yóò tì í pa. Bàbá náà yíjú sí obìnrin tí ìjọba rán wá, tó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá tó ni ọgbà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbé mì mọ́," ó ní. "Èmi ni mo kó wa sí wàhálà. Ọjọ́ tí màdámù ìjọba yìí wá bu omi wa fún àyẹ̀wò, bàtà funfun ni wọ́n wọ̀. Wọ́n wo àkàbà, wọ́n wo bàtà, wọ́n gbé ìgò fún mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́nu páìpù. Ọ̀dà tá a họ lára ọkọ̀, epo ẹ́ńjìnnì, gbogbo ẹ̀ ló ń yí po níbẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá rí èyí, a ti dáràn. Èmi ọlọ́gbọ́n àṣejù! Mo mú omi mímu mi jáde nínú àpò, mo dà á sínú ìgò wọn."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà nínú ọgbà kan náà, fò dìde. "Omi tí mo sè, tí mo sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó o lè fi lo oògùn inú rírun?"

"Òun ni, ìyá ọmọ mi. Jókòó ná, ó ṣì kù. Èsì jáde pé omi wa ló mọ́ jù. Màdámù ní bí ọgbà kan bá lè ṣe é, kí gbogbo wọn ṣe é. Omi ìyàwó mi ni wọ́n fẹ́ fi ṣòfin! Èyí tó wá burú jù ni ti Ọ̀gá wa. Orí wọn wú, wọ́n kó àwọn oníròyìn wá sẹ́nu páìpù. A ò fọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, omi náà sì jọ omi gidi. Wọ́n bù ú sí ife, wọ́n mu ún tán. Mo dúró tì wọ́n, mi ò sọ nǹkan kan."

"Àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìyẹn lẹ pè ní ibà!" ẹnì kan pariwo sí Ọ̀gá láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín bú.

Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ dúró tì mí. Kí ló dé tẹ́ ò gba ife lọ́wọ́ mi?"

"Ọ̀gá, inú yín ń dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kí inú yín dùn bẹ́ẹ̀. Ẹ foríjì mí."

Ọ̀gá bojú wolẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu òun náà. Màdámù fa igi lé ojú ìwé òfin tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun yóò bu omi mìíràn lọ́la, àwọn yóò sì jọ wá òfin tí agbára ká. Ara tu Baba Pọ́ǹpù débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kó tó jókòó, ó yíjú sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wò mí dáadáa. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bu omi ìdọ̀tí wá, ẹ dákun, omi ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ bù."