Ẹ̀wù Kóòtù Tó Ń Jókòó De Ọ̀gá

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Èmi tí mò ń ta òkìrìkà, mi ò mọ̀wé tí n óò fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe ń wí i.

Ọ̀sán ọjọ́ ààwẹ̀ ni. Mo ti gbàdúrà nítorí Bíọ́lá, ọmọ ọmọ mi tí ò ríran, pé kí Ilé Iṣẹ́ Ìgbáyégbádùn àti Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa, Ìdóyè, fún un láyè nílé ìwé àwọn afọ́jú kó tó dàgbà ju ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà lọ. Bí mo ṣe ṣe àmín báyìí, oorun gbé mi.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ní kí n máa tẹ̀lé òun. Ó kọ́kọ́ fi ibi ìsinmi hàn mí: àwọn olóòótọ́ nasẹ̀ lábẹ́ igi, ara wọn tutù bí omi àmù, ẹnikẹ́ni ò lé wọn dìde. Mo ní kó kúkú fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní a ò tíì dé ibi tí òun ń mú mi lọ.

Nígbà tí a débẹ̀, àfi ọ́fíìsì! Mo rò pé ọ̀gbun iná ni n óò bá. Àga ló tò lọ jàńtìrẹrẹ, ẹ̀wù kóòtù onírin tó pọ́n bí ẹyin iná lórí àga kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá kan nínú kóòtù kọ̀ọ̀kan. Apá kóòtù ti dì wọ́n mọ́ àga, wọ́n ń jóná, wọn ò lè dìde. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀rín pa mí.

Aláṣọ funfun ní, “Nígbà ayé wọn, wọn a fi kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga kí ará ìlú lè rò pé wọ́n wà nítòsí, wọn a sì bá tiwọn lọ. Irọ́ tí wọn ò fẹnu pa nìyẹn.”

Mo sún mọ́ èyí tó sanra jù, mo ní ọ̀rọ̀ Bíọ́lá ni mo bá wá.

Ó ní, “Màmá, ẹ jókòó ná.”

Ẹ wo ayé mi, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà níwájú rẹ̀! Ó ti mọ́ mi lára, bí wọ́n ṣe máa ń ní kí n jókòó de ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba yẹn nìyẹn. Ìdí mi kan bẹ́ńṣì, ó lẹ̀ mọ́ ọn, mo fà á, kò wá, ilẹ̀kùn pòórá, ògiri ń sún mọ́ mi, èéfín bò mí, gbogbo wọn ń ké pé ọ̀gá ń bọ̀, ọ̀gá ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá kú síbẹ̀, Bíọ́lá á darúgbó sílé.

Mo bi aláṣọ funfun pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀.

“O ò ṣẹ̀. Ta ló ní kí o jókòó?”

“Ọ̀gá ni.”

“Ọ̀gá tí kò lè dìde?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo tú ìró, mo fi í sílẹ̀ fún bẹ́ńṣì, mo fi tòbí nìkan sá. Ògiri tí mo kọrí sí là, mo ta jí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba àárín wa, ẹ tètè lọ jókòó fúnra yín sórí àga yín nígbà tí ẹ ṣì lè dìde níbẹ̀. Ní ti èmi, lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Bíọ́lá ń lọ sílé iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó, n óò jókòó. Àga tí kóòtù wà lórí ẹ̀ ni n óò jókòó sí.