Kọ́ìnì Tí Herbert Bá Túndé Gbà

Òótọ́ kan wà tí kò gbọdọ̀ bá Herbert wọ inú sàréè. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí Angela, ọmọ rẹ̀, lọ pe Túndé káfíńtà wá láti ìsàlẹ̀ ilé wọn ní Lafiaji. Àìsàn ti jẹ Herbert ku egungun, síbẹ̀ ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó ní òun kò ní fi aṣọ ìsùn sọ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Nígbà tí Túndé jókòó, Herbert yọ kọ́ìnì ńlá kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Kì í ṣe owó nínà. Káńsù ló ṣe é láti fi yẹ́ àwọn tó ṣe ohun ribiribi ládùúgbò sí. Alága káńsù á fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Bó bá ti bọ ènìyàn lọ́wọ́, kọ́ìnì á bọ́ sọ́wọ́ onítọ̀hún.

"Èyí tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ gbé mi jáde nínú iná," ni Angela wí.

"Èmi kọ́ ni mo gbé ọ. Èéfín ti mú kí o dákú, o kò lè mọ̀. Ojú títì ni mo dúró sí, tí mo ń ké."

Angela wo bàbá rẹ̀. Ó wo Túndé. Ọwọ́ ọ̀tún Túndé wà lórí orúnkún rẹ̀ bó ṣe máa ń wà, awọ rẹ̀ sún, ìka rẹ̀ le bí igi.

"Ẹ ní kí n má máa wo ọwọ́ wọn," ni ó wí. "Ẹ ní epo gbígbóná ló dà sí i."

"Irọ́ ni. Èmi ni mò ń ṣètò ayẹyẹ ní káńsù nígbà náà. Wọ́n ní kí n mú ẹni tó gbé ọmọ náà jáde wá. Mo lọ bá Túndé ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní, 'Ṣé ọwọ́ òsì lo fẹ́ na sí alága, níwájú àwọn ìjòyè Ìsàlẹ̀ Èkó? Wọ́n á ní o kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Jẹ́ kí n bá ọ gbà á.' Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ tó jóná nítorí ọmọ mi ni mo fi dójú tì í."

"Mo ti rán bùbá tuntun dè é," ni Túndé wí jẹ́jẹ́.

"Nígbà tí mo gun pèpéle, alága bi mí pé, 'Ṣé ìwọ lo gbé ọmọ náà?' Mo ní èmi ni. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún mi. Kí n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú mi. Angela, o sáré dì mọ́ mi, o ní, 'Dádì ló gbà mí là.' Ibẹ̀ ni mo ti burú jù. Mo lè sọ òótọ́ nígbà náà. Dípò bẹ́ẹ̀, èjìká ni mo gbé ọ kọ́."

"Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ni Angela ti ń ròyìn rẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀," ni Túndé wí. "Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́. Inú rẹ̀ ń dùn. N kò lè gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀."

Herbert mí kanlẹ̀. "Angela, bí wọ́n bá fún ọ ní iyì ẹlòmíràn, dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá di ọ̀la, wàá ti máa rò pé tìrẹ ni."

Ó na kọ́ìnì sí Túndé. Túndé fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ló tẹ́. Angela gba kọ́ìnì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láìwò ó lójú, ó kúnlẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì rọra ń ká àwọn ìka líle náà bò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Túndé, dárí jì mí," ni Herbert wí, ó na ọwọ́ kó lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Túndé wo ọwọ́ náà títí.

"Ọwọ́ mi ti kún, Bọ̀dá Herbert."