Ohun Tí Mo Ń Lọ̀ Sínú Ẹ̀kọ Màmá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á délẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Bí mo bá sọ ọ́ fún pásítọ̀, yóò dé etí Màmá. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, yóò dé ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ló kù.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé àwọn àlejò méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwádìí ìdílé ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣaya ni wọ́n bá wá, èmi ni wọ́n sì ní kí wọ́n wá bi. Ohun tí mo bá sọ ni wọ́n máa gbé lọ sílé. N kò tíì dá wọn lóhùn.

Aránṣọ ni mí, ní Ọ̀mù-Àrán. Iwájú ilé ọkọ mi ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìlọrin ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé. Màmá ni mo ń pè wọ́n. Bàbá ọkọ mi ti di olóògbé, ṣùgbọ́n ìyàwó wọn kejì ṣì ń gbé yàrá ẹ̀yìn nígbà yẹn. Òrò-Àgó ni wọ́n ti wá, Ìyá Òrò-Àgó sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Màmá àti orogún wọn yìí ti bá ara wọn jà nígbà èwe wọn títí ìjà fi sú wọn. Nígbà tí mo fi dé ilé náà, wọ́n ti ń jókòó pọ̀ gbọ́ rédíò. Lọ́sàn-án, Ìyá Òrò-Àgó á gbé ọbẹ̀ wá fún Màmá, nítorí Màmá ò fẹ́ràn ọbẹ̀ tèmi. Wọ́n ní bí ata mi ṣe pọ̀ tó náà ni ẹnu mi ṣe mú tó.

Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn Màmá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní Ìlọrin, wọ́n yọ ọ́. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ohun tí wọ́n yọ yẹn ló ń pèsè èròjà kan tí ara fi ń ṣiṣẹ́, pé hóró oògùn kékeré kan ni yóò máa rọ́pò rẹ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, títí ayé. Màmá gbọ́ títí ayé yẹn, inú wọn ò dùn sí i.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìsọjí wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Màmá bọ́ síwájú, wọ́n gba máìkì, wọ́n ní Ọlọ́run ti wo àwọn sàn, oògùn ò sì ní kan ẹnu àwọn mọ́. Gbogbo ìjọ hó yèè. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn nínú ìjọ náà, wọ́n á ní kó lọ wo Màmá. Bí a ti délé, wọ́n gbé páálí oògùn náà fún mi pé kí n jù ú sí ṣáláńgá.

N kò jù ú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Oògùn yẹn ti tán lọ́wọ́ wọn rí, mo sì rí ohun tí ojú wọn rí. Ojú wọn wú. Òtútù ń mú wọn nínú oòrùn gangan. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, oorun á gbé wọn lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí wọ́n bá kú sí mi lọ́wọ́, èmi ni wọ́n máa ní mo pa wọ́n.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, mo ń fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ hóró kan kúná, mo ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu tí mo ń gbé fún Màmá. Ṣúgà pọ̀ níbẹ̀, wọn ò lè tọ́ ọ wò kí wọ́n mọ̀. Nígbà tí páálí náà tán, mo lọ ra òmíràn ní kẹ́mísì tó jìnnà sí àdúgbò wa. Mo ń sọ fún ara mi pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ọlọ́run mọ̀ pé bó ṣe rí lọ́kàn mi nìyẹn.

Oṣù mélòó kan kọjá kí nǹkan tó yí. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ń làágùn lábẹ́ fáànù, wọn ò sì rí oorun sùn. Wọ́n á di àyà mú, wọ́n á ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, n kò rò ó sí oògùn rárá. Iye tí dókítà ní kí wọ́n máa lò gan-an ni mò ń fún wọn, kò lé kan. Mo fura sí obì tí wọ́n ń jẹ, mo gbé e pamọ́. Mo fura sí oògùn ikọ́ tí wọ́n rà, mo dà á nù. Nígbà tí àyà wọn ò dẹ́kun sísáré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwo ọbẹ̀ Ìyá Òrò-Àgó.

Ìdí ẹ̀rọ ni mo jókòó sí tí mo ń ṣọ́ Ìyá Òrò-Àgó. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, mo ní kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà wọ́n láàmú. Mo bu ọbẹ̀ náà tọ́ wò lọ́jọ́ kan. Ó dùn gan-an. Ìyẹn tún wá bà mí lẹ́rù. Màmá náà ti ń fura, wọn ò sì fi bò. Wọ́n á máa sọ ọ́ sókè kí ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn lè gbọ́ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Ọkọ mi ní ká lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà di ọrùn ọwọ́ Màmá mú, ó ń wo aago, ó ní ọkàn wọn ń sáré jù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé ibà ń ṣe wọ́n? Ṣé wọ́n ń mu omi tó? Ṣé wọ́n ń jẹ obì tàbí wọ́n ń mu kọfí? Oògùn ikọ́ ńkọ́, àgbo ńkọ́? Ṣé ohun kan wà tó ń já wọn láyà? Ó ṣí ìpéǹpéjú wọn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ti kù lára wọn. Ó ní gbogbo ìwọ̀nyí ló lè mú kí ọkàn ẹni tó ń lo oògùn rírọ́pò yẹn sáré, kì í ṣe oògùn nìkan. Ìgbà tó ṣe tán ló béèrè iye hóró tí wọ́n ń lò.

Màmá ní àwọn ò lò ó mọ́, Ọlọ́run ti wo àwọn sàn. Dókítà yíjú sí mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn ò lò ó mọ́."

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde, ó wò ó títí. Ó ní èròjà náà ti pọ̀ jù lára wọn. Ó ní ẹni tí wọ́n ti yọ gẹ̀gẹ̀ rẹ̀, tí kò sì lo oògùn, kíkéré ló yẹ kí tirẹ̀ kéré. Ó ní ó dá òun lójú pé oògùn yẹn ń wọ ara Màmá láti ibì kan. Ó fún wọn ní èyí tí yóò mú ọkàn rọlẹ̀, ó ní ká padà wá.

Mo ń rò ó pé báwo ni hóró kan ṣoṣo ṣe wá di àpọ̀jù. Màmá ò jẹ́ kí n rò ó tán. Wọ́n di apá mi mú, wọ́n ní, "Ìyàwó, o ò gbọ́? Wọ́n ń fi nǹkan sínú oúnjẹ mi."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó ń fi í sí i ni wọ́n di apá rẹ̀ mú yẹn.

Mo dẹ́kun fífi oògùn sínú ẹ̀kọ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, ọkọ mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá mo ti rí ohunkóhun rí. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i bó ṣe le, mo sì ní mo ti rí Ìyá Òrò-Àgó tí wọ́n tú nǹkan ní etí aṣọ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Mo rí wọn lóòótọ́. Irú ni. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ. N kò fi ti irú kún un nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Àwọn àgbà ẹbí pé jọ. Ọkọ mi ní ẹnì kan nínú ilé rí wọn. Ìyá Òrò-Àgó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n bi àwọn àgbà pé ta ni ẹni náà. Ọkọ mi ò dárúkọ mi. Èmi ni mo ń pín omi fún àwọn àgbà. Ìyá Òrò-Àgó wò mí, èmi náà wo omi tí mo gbé lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní kí Ìyá Òrò-Àgó máa lọ sílé bàbá wọn ná, títí ara Màmá á fi balẹ̀. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n fọ ìkòkò ọbẹ̀ wọn, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ Òrò-Àgó lọ. Ọ̀nà yẹn ò dára fún ẹni tí egungun ti ń dùn.

Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àyà Màmá rọlẹ̀. Ẹran padà sára wọn. Gbogbo agboolé ní, ẹ ò rí i, láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti lọ ni. Màmá tún gba máìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti tú aṣeni inú ilé fó. Èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ibi tó burú jù nìyí. Màmá gbé tòbí wọn fún mi pé okùn rẹ̀ ti já. Ẹ mọ̀ pé tòbí àwọn ìyá àgbà máa ń ní àpò. Mo ki ọwọ́ bọ àpò náà kí abẹ́rẹ́ má baà gún nǹkan. Ohun tí mo fà jáde ni oògùn yẹn. Orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà, wọ́n ti lò ó dé ìdajì.

Màmá ò fi oògùn sílẹ̀ rí. Ojú ìjọ ni wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń dá a lò ní kọ̀rọ̀ yàrá wọn láràárọ̀. Èmi náà wá ń gbé òmíràn bá wọn nínú ẹ̀kọ. Iye tó tọ́ ni wọ́n ń lò. Iye tó tọ́ ni mò ń fún wọn. Ìlọ́po méjì ló ń wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa sì ń wá ẹni tó fi í síbẹ̀.

Mo dá oògùn náà padà sínú àpò, mo rán okùn, mo gbé e fún wọn. Wọ́n fọwọ́ tẹ àpò náà wò lójú mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ohun tó bá wà nínú tòbí àgbàlagbà, ibẹ̀ náà ni ká jẹ́ kó wà."

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n ní inú àwọn ò gbà á. Ṣé wọ́n mọ̀ ni? Mo ń wò wọ́n, wọ́n ń wò mí. Bí mo bá tú tiwọn, wọ́n á tú tèmi. A ò tíì padà sọ́dọ̀ dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rán wọn létí títí ó fi sú mi.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ Ìyá Òrò-Àgó ní Bọ́lá. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ni. Ó kàwé olùkọ́ ní Òrò, ó sì ti rí ọkọ. Ará Ìsánlú-Ìsin ni ọkọ náà, àwọn ẹbí rẹ̀ ni àlejò tó wá bá mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́ fìrìfìrì pé wọ́n lé ìyá ọmọ náà nílé ọkọ nítorí pé wọ́n ń fi májèlé sóúnjẹ. Wọ́n ní bó bá jẹ́ òótọ́, àwọn ò ní fẹ́ ọmọ náà mọ́. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn sí mi.

Àgbà inú wọn ní, "Ìyá ọmọ fúnra wọn ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ìkòkò ọbẹ̀ àwọn tó yín."

Ó ti sú mi láti máa rò ó. Ṣé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mi ni? Àbí wọ́n ti mọ̀, tí wọ́n kàn fẹ́ fi ọmọ wọn dán mi wò? Mo ní kí àwọn àlejò fún mi ní àyè díẹ̀, pé oníbàárà ń dúró. Kò sí oníbàárà kankan. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa padà dé. Màmá bi mí pé kí ni wọ́n wá ṣe, mo ní aṣọ ni wọ́n fẹ́ rán. Wọ́n ní ó dáa, pé èmi náà kúkú mọ ohun tó yẹ ká sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, ọkọ mi á ní mo fẹ́ pa ìyá òun, ìjọ á sì fi Màmá ṣẹ̀sín. Bí mo bá dákẹ́, Bọ́lá ò ní rí ọkọ fẹ́ nítorí ohun tí ìyá rẹ̀ ò ṣe.

Ìyá Òrò-Àgó, bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí yín létí, ẹ foríjì mí. Inú ẹ̀kọ mi ni. Kì í ṣe inú ọbẹ̀ yín.