Ìkòkò Tútù Tí Mo Sẹ́ Ní Ẹbu

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù lọ́kàn mi. Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Ìyá Ẹbu lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí n máa parí ìjà àwa obìnrin tí ń mọ ìkòkò. Èmi kẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná.

Àjọṣe ni iṣẹ́ wa ní ẹbu, ibi tí a ti ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin níbí. Kálukú a mọ tirẹ̀, a ó wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sun nínú iná kan. Bí ìkòkò ẹnìkan kò bá gbẹ dáadáa, yóò bẹ́ gbàmù, yóò sì fọ́ ti ẹlòmíràn. Ìjà dé nìyẹn. Òfin wa ni pé ẹni tó bá jẹ́wọ́, igi tí a ó fi sun òmíràn nìkan ni yóò ṣẹ́ wá. Ẹni tó bá sẹ́, kò ní bá wa sunkòkò mọ́.

Lọ́dún tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo gbé ìkòkò tútù kan sáàárín àwọn tí a fẹ́ sun. Òjò ti ṣú, mo sì ń kánjú. Hàwáwù, ọ̀rẹ́ mi, ló bá mi gbé e. Ó ní, "Eléyìí ò tíì gbẹ o." Mo ní kó dákẹ́.

Ó bẹ́. Àpáàdì la kó lọ́jọ́ kejì. Ìyá Ẹbu ìgbà náà pe gbogbo wa jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí a to tèmi àti ti Hàwáwù sí ló ti bẹ́, nítorí náà àwa méjèèjì ni wọ́n bi. Èmi tí mo máa ń fi àwọn oníkánjú ṣe yẹ̀yẹ́! Ojú tì mí. Mo ní, "Wàláì, tèmi gbẹ." Àsìtàgàfúrúlà.

Hàwáwù wò mí títí. Kò sọ nǹkan kan. Èmi ló ń dúró dè kí n sọ̀rọ̀, àwọn yòókù sì gba ìbúra mi gbọ́, wọ́n ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí sísẹ́, wọ́n sì lé e kúrò ní ẹbu. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Jẹ́bà.

Igi lásán, ẹ̀yin ènìyàn! Igi tí òun gan-an ì bá bá mi ṣẹ́.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Títí dòní, bí mo bá ń pa ìkòkò dán, mo máa ń yíjú kí n bi í bóyá ọrùn ìkòkò náà wọ́. Mo ti ní ọmọ-ọmọ, àárò náà ò lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dìde lọ́jọ́ Jímọ̀ kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, àbí kí n kọ́kọ́ wá a lọ? Ẹ̀yin ará Jẹ́bà, bí ẹ bá rí i, ó pupa, àpá iná wà lápá òsì rẹ̀. Ẹ ní kó máa bọ̀ wálé. Bí kò bá sì lè fara da ojú mi, èmi ni n ó kúrò ní ẹbu fún un.