Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Gé Kúrò Nínú Oríkì Ìlú Wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìlú wa, tí ẹ sì ń gbé Thamesmead tàbí Woolwich ní London níhìn-ín, ẹ ó ti mọ̀ mí kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti gbé e sínú. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi ohun tí mo kọ tú àwọn ọmọ méjì tó fẹ́ràn ara wọn ká.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe. Ìlú kékeré kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni a ti wá. Agboolé ńlá méjì ló wà níbẹ̀: agboolé aláró, àwọn tó ń pa aṣọ láró, àti agboolé alágbẹ̀dẹ. Ọmọ aláró ni èmi. Àwa ọmọ ìlú tó wà níhìn-ín máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá adágún Southmere, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá níbẹ̀ ní ọjọọjọ́ Sátidé. A fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n bí sí Woolwich, tí kò mọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, lè ki oríkì ara rẹ̀.

Nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ oríkì ìlú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mummy Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Abbey Wood. Ẹgbẹ́ ní kí n lọ gba oríkì náà lẹ́nu wọn, kí a fi ṣe ìwé kékeré fún àwọn ọmọ. Èmi ni wọ́n rán nítorí pé mo mọ Yorùbá kọ, mo sì mọ àmì fi sí i. Ẹ ò mọ bí orí mi ṣe wú tó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo lọ. Mo gbé fóònù mi sórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Mummy Àgbà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Ohùn wọn kò jọ ti arúgbó mọ́. Àmọ́ iṣẹ́ ń dúró dè mí ní Belvedere, bọ́ọ̀sì mi sì ti fẹ́ kọjá. Bí mo ṣe gbọ́ ọ pé wọ́n ti ń parí rẹ̀ lọ, mo nawọ́, mo pa fóònù, mo kúnlẹ̀ dágbére, mo sáré jáde.

Nígbà tí mo délé, mo ń gbọ́ ọ, mo ń kọ ọ́. Ibi tó parí sí nìyí: "Ọmọ aláró kì í fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ." Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù dákẹ́. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí mi ò gbọ́ ọ rí pé a kì í fẹ́ ara wa. Ó yẹ kí n padà lọ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò lọ. Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà ti ń yọ mí lẹ́nu. Mo sọ fún ara mi pé èèwọ̀ àtijọ́ kan ni, pé àwa tá a dé lẹ́yìn ni ò mọ̀ ọ́n.

Ì bá dára ká ní mo fi mọ síbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo yẹn gbẹ lójú mi, mo sì fẹ́ kí ìwé náà dùn ún kà. Mo bá hun ìtàn sí i, pé alágbẹ̀dẹ kan fẹ́ ọmọ aláró láyé ọjọ́un, ìjà dé, ó sì ki irin gbígbóná bọ inú ìkòkò aró ìyá ìyàwó rẹ̀. Mo ní àwọn baba wa wá búra pé àwọn ọmọ wọn kò ní fẹ́ ara wọn mọ́, pé ọmọ inú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í gbó. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Mummy Àgbà ló sọ ọ́ fún mi. Wọn ò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo jókòó sí tí mo hùmọ̀ rẹ̀.

Ìwé jáde. Wọ́n yìn mí títí, wọ́n fi mí jẹ Ìyá Àṣà ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo máa ń ki ìlú kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Mo mú ọ̀kan lọ fún Mummy Àgbà. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí. Mo ń kà, wọ́n ń mi orí. Mo dé ìlà tó gbẹ̀yìn, mo dákẹ́. Wọ́n lajú.

"Kù ńkọ́?" ni wọ́n wí. "O ò ka kù."

Mo ní kù wo ni, Mummy. Wọ́n wá fẹnu ara wọn ki ìlà náà parí: "Ọmọ aláró kì í fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ kù." Wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, pé bí aláró bá ń ṣe ayẹyẹ, bí ọ̀fọ̀ sì ni ó ṣẹ̀ ẹ́, kò ní wo ọ̀tún wo òsì kó wá ọmọ alágbẹ̀dẹ tì. A kì í fẹ́ wọn kù. Wọ́n á ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìyá tó bí àwọn gan-an, agboolé alágbẹ̀dẹ ló ti wá, ilé aláró ló sì fẹ́ ọkọ sí.

 Ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi so agboolé méjì pọ̀, mo ti gé e, mo ti sọ ọ́ di èèwọ̀. Mo fo ìtàn ìkòkò aró, mi ò kà á fún wọn. Mo ṣèlérí pé mo máa tún ìlà náà ṣe. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mo máa ṣe é.

Mi ò ṣe é. Mo ń sọ pé ó di oṣù tó ń bọ̀. Ta ni mo fẹ́ wò lójú kí n sọ pé irọ́ ni mo pa? Kí ọdún tó yí po, Mummy Àgbà kú. Níbi ìsìnkú wọn, wọ́n ní kí n ki ìlú. Mo kì í, mo sì dúró sí alágbẹ̀dẹ níwájú òkú wọn. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá pè mí lórí fóònù, mo máa ń jẹ́ kó dún títí kí n tó gbé e.

Ní báyìí, Démiládé, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, fẹ́ fẹ́ Káyọ̀dé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Káyọ̀dé. Inú kíláàsì Yorùbá wa ni wọ́n ti mọ ara wọn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ nílé, ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìwé mi, ó fi ìka sí ìlà náà, ó ní ó parí. Ìyá Káyọ̀dé náà ní òun ò fẹ́ sin ọmọ-ọmọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Démiládé wá bá mi nílé. Mo po tíì fún un. Kò jókòó.

"Auntie, please be honest with me," ló wí. "Ṣé Mummy Àgbà really sọ ọ́? Because tí wọ́n bá sọ ọ́, I'll leave him. Mi ò fẹ́ kí anything ṣe àwọn ọmọ mi."

Ẹnu mi ni mo fi dáhùn pé, "Wọ́n sọ ọ́."

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fọ ife tó fi mu tíì, ó dà á dé, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè fọwọ́ kan ife yẹn.

Mo wá fóònù àtijọ́ mi jáde, mo gbọ́ ohùn Mummy Àgbà lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn alágbẹ̀dẹ, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ bí ẹni fẹ́ la ẹnu, ó sì gé. Ẹ̀rí tí mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá sọ òótọ́ nísinsìnyí, wọ́n á ní nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe fẹ́ yí oríkì ìlú padà. Ìyá Káyọ̀dé á ní ẹ̀tàn ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní gbà mí gbọ́, ẹ̀rù tún ń bà mí bí wọ́n bá gbà mí gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú, àbí kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn? Ní Sátidé, èmi náà ni mo máa ki ìlú kí wọ́n tó dá ẹjọ́ àwọn ọmọ náà. Mo ti ń dán an wò nídìí síǹkì. Bí mo bá dé alágbẹ̀dẹ, ẹnu mi á pa dé. Ẹ má ṣépè fún mi. Ẹ bá mi bẹ Démiládé, ẹ bá mi bẹ Mummy Àgbà níbi tí wọ́n wà. Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ kì tán, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù.