Ẹni Tí Mo Ní Kó Bá Wa Di Báàgì Mú

Ẹ jẹ́ ká kan sáárá sí àwa ará Peckham nílùú òyìnbó níbí, akọni níwájú kámẹ́rà! Kí onífọ́tò tó dé, àpò gaàrí ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé ńlá tí ẹnikẹ́ni kò kà rí ti gúnwà sórí tábìlì. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì ni mo máa ń fi ìṣe wa yìí rẹ́rìn-ín jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, Sátidé sì kù sí dẹ̀dẹ̀.

Gbọ̀ngàn àwòrán kan nítòsí Peckham Rye ń wá ẹbí tí yóò dúró bí àwọn tó wà nínú àwòrán àtijọ́ kan. Àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà ló ni ín: ọkùnrin dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ìyàwó kan, ọmọ méjì, ilé mímọ́ tónítóní, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó já nílẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ àlàyé rẹ̀. Mo fi ayàwòrán náà ṣẹ̀sín. Mo ní ìyá àgbà dà, orogún dà, àǹtí tó ń bá wọn gbọ́mọ dà? Mo ní ó yọ wọ́n dànù kí àwọn òyìnbó tí yóò ṣàánú lè rí ẹbí tó jọ tiwọn.

Ẹbí tiwa ni wọ́n mú! N kò lè jókòó fún ayọ̀. Dádì àti Mọ́mì ni tọkọtaya. Èmi àti àbúrò mi onírùngbọ̀n jókòó sẹ́sẹ̀ wọn bí ọmọdé.

Àǹtí Síkírá, ìyàwó kejì Dádì, wọ bọ́ọ̀sì wá láti Catford pẹ̀lú ìborùn tuntun. Àwọn ló tọ́ mi nígbà tí Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ òru. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ibo ni kí n dúró sí?"

Mo wo àwòrán àtijọ́ náà. Ìyàwó kan ló wà níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá wa di báàgì mú ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ̀yin ẹ gba òmìnira, èmi gba ẹrù."

Ẹ jọ̀ọ́, ó tún kù. Onífọ́tò bi mí bóyá ẹbí wa ni Àǹtí. Mo rọra ní rárá, wọ́n kàn sìn wá wá ni.

Wọ́n ti sọ fọ́tò wa di ńlá báyìí, ó ga tó ilẹ̀kùn lára ògiri gbọ̀ngàn náà, Sátidé sì ni wọn yóò ṣí i fáráyé wò. Fóònù mi kò sinmi, inú mi sì ń dùn, n kò ní parọ́. Àmọ́ Àǹtí pè lánàá. Wọ́n ní ṣé àwọn hàn dáadáa, torí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí Old Kent Road ń tẹ̀lé wọn bọ̀ wá wò ó ní Sátidé.

Mo ní wọ́n hàn dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ ní Catford lónìí, àbí kí n jẹ́ kí ògiri sọ fún wọn lójú ọ̀rẹ́? Ẹ má bínú sí mi. Ohun tí ayàwòrán yẹn ṣe ni èmi náà ṣe.