Fèrèsé Ni Mo Nawọ́ Sí

Alága ìjókòó, mo kí yín. Olùṣọ́-àgùntàn Ọdúnjọ, Ìyá Ìjọ Rẹ̀míláyọ̀, ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin àlejò tó wá láti Igbó Ẹfọ̀n, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin èèyàn mi nínú ìjọ Jákàńdè yìí, mo fẹ́ràn yín, àmọ́ inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó fi ìrẹsì ìfẹ̀yìntì mi dí mi lẹ́nu.

Láti ìgbà tí a ti kọ́ ilé ìjọsìn yìí, èmi Akínwálé ni mo ń gbé àwo tùràrí. Arákùnrin Dúró, ìwọ tó ń bá mi dáná èédú, o ṣeun. Yẹ̀kínì káfíńtà, ìwọ lo kan fèrèsé wa pa nígbà tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀, kí eruku má bàa ba sùtánà wa jẹ́. Iṣẹ́ rẹ dáa. Ó tiẹ̀ dáa jù, torí pé títì ti parí, fèrèsé ò ṣí títí dòní! Ẹni tí mo bá sì ti jágbe mọ́ nítorí èédú tútù, kó dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ ìkórè? Mo ń fi tùràrí yí ìjọ ká ni àyà mi bá fún, ó ń dún fée fée, èjìká mi ń gbọ̀n, mo ṣubú. Kí lẹ ṣe? Ẹ ké halelúyà! Ẹ yí mi ká, ẹ gbé àbẹ́là sún mọ́ mi, ẹ tún da tùràrí kún iná, akọ̀wé mú pẹ́ńsù láti kọ ìran sílẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀, mo bá nawọ́ sí fèrèsé. Màmá Sẹ̀gilọlá, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ní, "Ìlà-oòrùn ló ń tọ́ka sí! Ibẹ̀ ni ìbùkún wa wà!" Dípò kí ẹ ṣí fèrèsé, Ṣàngótẹ̀dó lẹ gbà lọ, ẹ lọ ra ilẹ̀. Ní báyìí tí omi ń sun nínú ilẹ̀ náà, èmi lẹ ń bá jà! Àlejò ni Nọ́ọ̀sì Ìrètí lọ́jọ́ náà, òun ló wọ́ mi síta.

Dókítà ní ikọ́ fée ni. Ó ní iṣan kan yí ihò tí èémí ń gbà ká. Bí èéfín bá kan ti àwa tó ní in, iṣan náà á fún ihò náà pa bí ìgbà tí èèyàn fa okùn ṣòkòtò. Oògùn inú ìnhélà, ike kékeré tí à ń fà sẹ́nu, ló ń tú okùn yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ẹ̀mí Mímọ́ kì í fún èèyàn lọ́rùn!

Ẹ wá yan Olúwalóṣèyí ọmọ mi láti gbapò mi. Ẹ ní nígbà tó dán an wò lọ́jọ́ Ìsinmi, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń dún, ẹ̀bùn bàbá ti bà lé ọmọ. Ẹ̀bùn wo? Àìsàn ìdílé wa ni. Ojú ń tì í ni kò fi lè sọ fún yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mi ò gbà. Ẹ wá ẹlòmíràn.

Olúwalóṣèyí, dìde. Mú ìnhélà rẹ jáde, gbé e sókè. Má tijú. Ẹ wò ó dáadáa, àpò òsì ló máa ń wà.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọlọ́run yóò gbé ìjọ yìí ga, yóò da ọmọ yín sí fún yín, ẹ ò ní fi ojú sunkún ẹnì kankan. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní rèé. Bó bá ṣubú níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má mú pẹ́ńsù. Ẹ gbé e síta.

Ẹ ṣé, mo dúpẹ́ o.